Bí a ṣe ń wá omi tó ń jò lára ẹ́ńjìnì Peugeot 504, tí a sì ń dí i

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣì ń wa Peugeot 504 ní Ìbàdàn kì í jáde láìgbé kẹ́ẹ̀gì omi sí búùtù. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ká wọn mọ́ Challenge, tí ọkọ̀ gbóná, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á máa lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ẹ́ńjìnì 504 sì lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, ooru àpọ̀jù máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ibi tó ń jò kí kẹ́ẹ̀gì tó di bárakú.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí rẹdíétọ̀; bí ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, omi inú rẹ̀ á tú sí yín lójú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ara ẹ́ńjìnì, ẹ bu omi kún rẹdíétọ̀, ẹ wà á yíká àdúgbò, kí ẹ sì tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Òkè ibi tí páálí bá ti tutù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Họ́ọ̀sì ló rọrùn jù. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí tó bá gan, tó rọ̀ jù, tàbí tó sán lẹ́nu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ sí Ararọ̀mí ní Agodi Gate, kí ẹ fi wọn tuntun. Ẹ fi sáńpépà ha ẹnu irin kó mọ́, kí ẹ lo kílíìpù onísukúrúù. Rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù táyà kò ju ohun tó máa gbé yín délé lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ pọ́ńpù omi. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dìídì lu. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, ìdènà inú pọ́ńpù ti kú. Pọ́ńpù tuntun ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn, bẹ́ríǹ ló ń darí omi sí.

Bàbà àti idẹ ni rẹdíétọ̀ àtijọ́, òjé sì ń mú un. Bí ó bá ń jò, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń jó rẹdíétọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o, ẹ ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi lójú yín.

Bí ìta bá gbẹ, tí omi ṣì ń dín kù, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ náà mọ́. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó, ìdí sílífù, ìyẹn irin róbótó tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, sì lè máa jò. Ẹni tó mọ 504 dunjú ni kó fọwọ́ kàn án, torí sílífù rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù: omi ló yí i ká, tọ́ọ̀pù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé tọ́ọ̀pù kúrò, kí wọ́n fi bóòtù àti irin pẹlẹbẹ di àwọn sílífù mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí ẹ́ńjìnì. Bí ọ̀kan bá gbéra díẹ̀ péré, omi á máa gba ìdí rẹ̀ wọnú ọ́ìlì, ẹ ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù náà lọ fá kó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Kúláńtì àti omi mímọ́ ni kí ẹ fi kún un, ìdajì sí ìdajì. Ẹ ṣí hítà, ẹ tan ẹ́ńjìnì láìtíì dé rẹdíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kúláńtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má da ti àtijọ́ síbi tí ọmọdé tàbí ajá lè dé.

Ó ku tẹmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń là fún omi bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ sọnù, tí wọ́n ní òun ló ń mú ọkọ̀ gbóná. Èyí tó bá kú ní títì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi tó ń hó: bó bá là, kò sí ohun tó ṣe é, bí kò bá là, ẹ ra òmíràn. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tẹmósítáàtì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, á máa mu epo, á sì tètè jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé wọ́n dá a padà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín.