Àwokòtò Ẹsẹ̀-òkè àti Àwokòtò Ilẹ̀-yíya: Ìyàtọ̀ Tó Yẹ Kí Èdè Fi Hàn

1. Ìṣòro náà
Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan, àwokòtò, tó fún gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti rì tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì kún un. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níhìn-ín ni iyanrìn, amọ̀ àti karawun tó rì sí ìsàlẹ̀ omi, bí ògì ṣe ń rì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ilẹ̀ rì ló ń pinnu bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò ṣe tò. Ó yẹ kí orúkọ fi èyí hàn.

2. Ilẹ̀ Àgbárá
Àgbárá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lórí àwokòtò kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn gúúsù Gánà, tó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà. Òkè kọ́ ló tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára ara wọn, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn, èèpo ilẹ̀ fà, ó fẹ́lẹ́, ó sì rì. Òkun sì wọlé. Níbẹ̀ ni òkúta ẹfun Ewékorò ti wá, èyí tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Ìpele wọ̀nyí ń nípọn sí i bí wọ́n ti ń lọ sí ìhà òkun.

3. Ilẹ̀ Volta
Ọ̀tọ̀ ni ti Volta. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńlá méjì kọlu ara wọn, èèpo ilẹ̀ gun ara rẹ̀, òkè sì gbéra níbi tí Atakora ti Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn òkè Tógò wà lónìí. Bí ènìyàn bá jókòó sórí tìmùtìmù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ wọnú, ohun tó wà nítòsí á sì yí lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo òkè náà ṣe tẹ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ rì.

Ìpele rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nísàlẹ̀ ni iyanrìn tó ti wà kí òkè tó gbéra. Lórí rẹ̀ ni amọ̀ lẹ́búlẹ́bú pọ̀ sí, tí omi jíjìn kó jọ. Lókè pátápátá ni iyanrìn tí àgbàrá wọ́ láti ara òkè fúnra rẹ̀: òkè tó tẹ ilẹ̀ rì náà ló tún pèsè ohun tó kún un. Ìhà òkè, ní ìlà-oòrùn, ni ìpele wọ̀nyí ti nípọn jù.

4. Àbá
Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbárá tó bá gbọ́ “àwokòtò” lásán lè máa wá òkè tí kò sí rí. Nítorí náà:

Ìgbéra òkè: bí èèpo ilẹ̀ ṣe ń gun ara rẹ̀ di òkè.
Àwokòtò ẹsẹ̀-òkè: èyí tí ìwúwo òkè tẹ̀ rì. “Iwájú òkè” kò tó, nítorí òkè kò ní ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀.
Àwokòtò ilẹ̀-yíya: èyí tí fífà àti yíya ilẹ̀ dá sílẹ̀.

Òkè Atakora òde òní kò ju àṣẹ́kù lọ. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìtàn ìyókù wà. Olùkọ́ tó bá fi orúkọ tó yẹ pe àwokòtò ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe ka ìtàn náà.