Ẹ̀kọ́ Tí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta Kọ́ Wa

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo Abẹ́òkúta.

Ní ọdún 1932, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá inú ọjà kò sí níbẹ̀.

Ní 1944, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí fẹ́ kí a kọ́ òun ní ìwé kíkà. Láti inú ohun kékeré yìí ni ohun ńlá ti jáde. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé. Bí wọ́n sì ti jọ jókòó, ni àwọn wọ̀nyí ń sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n. A ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin ń san owó orí láti ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin kò sì san án títí yóò fi di ọmọ ọdún 16. Síbẹ̀ obìnrin kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Báyìí ni a ṣe kọ́ àwọn tí ó wá kọ́ni.

Ní 1946 ẹgbẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì di ti gbogbo obìnrin ìlú. Ní ìparí 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn péjọ sí iwájú ààfin Aláké. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan.

Kí ni èyí kọ́ àwa tí a ń múra láti di olùkọ́? Èkíní, kí a má ṣe ka ẹni tí kò mọ̀wé sí aláìgbọ́n. Èkejì, kí a gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó sọ tiwa. Ẹ̀kẹta, kí a yẹ ara wa wò: nígbà tí a bá ń kọ́ni, ta ni a ń rán lọ pọn omi nígbà tí ìṣirò ń lọ lọ́wọ́? Ta ni a sì ń pè sí iwájú pátákó? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin ni a ń rán, tí ọmọkùnrin ni a ń pè, a jẹ́ pé owó orí ọmọ ọdún 15 ni àwa náà ṣì ń gbà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní etí ìgbọ́ràn.