Bí Abẹ́rẹ́ Mítà Bá Kú, Báwo Lẹ Ṣe Máa Mọ Eré Tí Ẹ Ń Sá?

Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó. Ká tó dé Ṣágámù, mo wo dáṣíbọọ̀dù, àbẹ́ẹ̀ rí nǹkan? Ọkọ̀ ń fò lọ, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré sùn sórí òdo! Mítà tó ń ka kìlómítà náà ti dúró, torí wàyà kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi tèmi. Lójú tèmi, a kò sáré rárá.

Mo ní kí àbúrò mi tan aago fóònù rẹ̀ bá a bá ti kọjá òkúta kìlómítà kan lẹ́bàá ọ̀nà, kó sì pa á tá a bá dé èkejì. Èmi kò yí eré padà. Ó ní, “Ìṣẹ́jú àáyá 31.”

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi rin kìlómítà kan pín 3,600, eré yín nìyẹn:

60 = kìlómítà 60 ní wákàtí kan
45 = kìlómítà 80
36 = kìlómítà 100
30 = kìlómítà 120

Tiwa já sí 116! Bẹ́ẹ̀ 100 ni òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀nà márosẹ̀. Àbúrò mi pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o!”

Ọ̀nà kejì ni GPS inú fóònù. Ó ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, ó sì ń fi wọ́n ṣírò ibi tí ẹ wà àti eré yín. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú táyà. Àmọ́ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bíréèkì, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ onígíà ọwọ́, ẹ wo mítà tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dáa. Bó bá jẹ́ 2,500 ló ń fi hàn nígbà tí ẹ ń sá 80 nínú gíà tó ga jù, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lọ́la.

Ẹ ṣọ́ra fún táyà o. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí ni mítà ń kà. Bí ẹ bá fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ẹ máa sáré ju ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú? Lórí eré 116, ọkọ̀ ń rin mítà 32 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì rárá. Ojú máa ń mọ́ eré lára, á wá dà bí ìrìn jẹ́jẹ́. Ẹ má gba ojú gbọ́, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni kó di fóònù mú, kì í ṣe awakọ̀.