Ẹwà Tí Ó Mọ́

Ìtọ́jú ara kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ìyá wa ti ń fi àdín àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ se ọṣẹ dúdú; nígbà tí kòkó sì dé, eérú èèpo rẹ̀ bọ́ sí i. Wọ́n ń fi òrí pa ara nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ń fi osùn kun ìyàwó àti ọmọ tuntun. Ẹni tí ó ra ọṣẹ mọ ẹni tí ó sè é, ó sì mọ ohun tí ó fi sè é.

Lóde òní, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ ìpara tí ó wà lórí àtẹ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti wá. Àwọn oníṣòwò káàkiri ayé a máa pe ọjà wọn ní “ẹwà tí ó mọ́”, èyí ni pé kò ní májèlé nínú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ gbà tí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yẹ, nígbà náà, kí àwa fúnra wa mọ ohun tí mímọ́ jẹ́.

Èkíní, ara mímọ́ yàtọ̀ sí ara pípupa. Dúdú ara wa kì í ṣe ìdọ̀tí. Ààbò ni lọ́wọ́ oòrùn. Àwọn tí ń bóra ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn bó ààbò náà dànù. Makúrì inú ìpara a máa ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ti ara aboyún dé ara ọmọ inú rẹ̀. Bí a bá lo hydroquinone pẹ́, ó lè mú àbàwọ́n dúdú yọ sí ojú kan náà tí a fẹ́ kí ó pupa. Oògùn steroid a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo ohun tí ilẹ̀ mú jáde ni kò lè pani lára. Ṣé inú ilẹ̀ kọ́ ni makúrì pàápàá ti ń wá? Ní Minamata, ìlú apẹja kan ní ilẹ̀ Japan, makúrì tí ilé-iṣẹ́ kan dà sínú òkun wọ inú ẹja, ó sì pa àwọn tí ó jẹ ẹ́. Ọdún 1956 ni a kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Orúkọ ìlú yìí ni a fi pe àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2013 lórí makúrì, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2018. Ìpara wà lára ohun tí ó kàn. Àní ọṣẹ dúdú tiwa, bí eérú rẹ̀ bá pọ̀ jù, a máa ta ni lára.

Kí ni ẹwà tí ó mọ́? Òun ni ẹwà tí kò ní àṣírí. Ka ohun tí a kọ sára agolo kí o tó sanwó. Wo nọ́mbà NAFDAC. Má ṣe ra ìpara àpòpọ̀ inú ike tí kò ní orúkọ. Sì sá fún èyí tí ó ṣèlérí àwọ̀ tuntun láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Awọ kan ṣoṣo ni a bí olúkúlùkù mọ́, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra òmíràn.