Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: Ẹ̀BI TÍ A FI PAMỌ́

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú, a ti kà nípa omi mímu, nípa oko, àti nípa owó àjọ. Lónìí, ohun tí ó wà nínú ọkàn ni a fẹ́ kà. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ wo ìparí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rí ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣọ́ ìwà wọn. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí àwọn mìíràn fi ohun búburú tí wọ́n ṣe pamọ́, kí ojú má baà tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀bi ni ti ohun tí a ṣe tí kò tọ́. Ìtìjú ni ti ojú àwọn ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ìtìjú lè sùn. Ẹ̀bi kì í sùn.

1. Ọ̀rọ̀ tiwa

Kí a tó sọ ti ẹlòmíràn, ó yẹ kí a sọ tiwa. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìdánwò àwọn ọmọ sọnù nínú ọ́fíìsì wa. Ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń gbá ọ́fíìsì náà. A bi í léèrè. Ó ní òun kò mú un. A kò gbà á gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a pè é síwájú gbogbo ilé-ìwé, a nà án ní ẹgba mẹ́fà, a sì pè é ní olè. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ta iṣu, ó sì san owó náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a rí owó yẹn. Inú rẹ́jísítà àtijọ́ kan ni ó wà. Àwa fúnra wa ni a fi í síbẹ̀, tí a sì gbàgbé.

Kí ni a ṣe? A dá owó bàbá ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n a ní àánú rẹ̀ ni ó ṣe wá. Ọkùnrin náà gbé iṣu mẹ́ta wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A gba iṣu náà. A wí nínú ara wa pé, "Hẹ́dìmásítà kò lè máa bẹ ọmọdé. Ta ni yóò tún bẹ̀rù wa?" Àwọn ọmọ kò sì yé pe ọmọ náà ní olè.

Oṣù méje ni a fi gbé ẹrù yìí. Àwa ni a máa ń ka Bíbélì sétí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ojú wa bá ti bá ti bàbá náà pàdé lórí ìjókòó rẹ̀, ohùn wa á lọ sílẹ̀. A ń gbàdúrà, a ń tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, síbẹ̀ ara kò rọ̀ wá.

2. Ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú

Ní àkókò yẹn ni ìtàn John Newton bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìlú London ni a ti bí i ní ọdún 1725. Atukọ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1748, ìjì líle kọlu ọkọ̀ tí ó ń gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi wọ inú ọkọ̀. Newton, tí ó ti máa ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́, ké pe Ọlọ́run ní ọjọ́ náà. Ó yè é. Ní ọdọọdún ni ó ń rántí ọjọ́ náà títí ó fi dàgbà.

Ẹ má rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀. Láàárín ọdún 1750 sí 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Newton jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wá ra àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó sì kó wọn sọdá òkun lọ tà. Lókè ọkọ̀, ó ń gbàdúrà. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ kan náà, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àìsàn ni ó mú un fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1754. Ó di àlùfáà ní ọdún 1764. Ó kọ orin tí gbogbo ayé mọ̀ sí "Amazing Grace", wọ́n sì lò ó nínú ìsìn ọdún tuntun 1773.

Orin náà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tà ńkọ́? Ó di ọdún 1788 kí Newton tó kọ ìwé kan láti bá òwò ẹrú jà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láti 1754 sí 1788, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Nínú ìwé náà, ó jẹ́wọ́ pé òun wà lára àwọn tí ó ṣe òwò náà, pé ìjẹ́wọ́ òun ti pẹ́ jù, àti pé ìtìjú rẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn òun. Lẹ́yìn èyí, ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Òun nìkan kọ́ ni ó jà. William Wilberforce jà nílé aṣòfin. Olaudah Equiano, ọmọ Áfíríkà tí a ti tà lẹ́rú rí, kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1789. Ní oṣù kẹta ọdún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Newton kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Lẹ́yìn òfin yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Ní ọdún 1822, wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Òṣóògùn, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ọjọ́ iwájú, tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Bíbélì tí à ń kà ní èdè Yorùbá.

3. Ohun tí ìgbàgbọ́ kọ́ wa

Nínú Sáàmù 32, Dáfídì sọ bí ara rẹ̀ ṣe ń joro nígbà tí ó pa ẹnu mọ́, àti bí ó ṣe rí ìtura nígbà tí ó jẹ́wọ́. Nínú Mátíù orí karùn-ún, Jésù wí pé bí a bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ sílẹ̀, kí a lọ bá a làjà ná. Sákéù, nínú Lúùkù orí kọkàndínlógún, dá ohun tí ó rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, ìdáríjì Ọlọ́run kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Ó ń fún wa ní àyà láti jáde síta. Ẹni tí a kàn mọ́ igi ní gbangba, tí àwọn ènìyàn ń fi ṣẹ̀sín, mọ ohun tí ìtìjú jẹ́. Kò ní ta wá nù nítorí tiwa.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Ìtìjú kan wà tí kò ní ẹ̀bi nínú. Obìnrin tí wọ́n tàn jẹ, ẹni tí àìsàn ń ṣe, àgbàlagbà tí kò mọ̀wé tẹ́lẹ̀: kí ni wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́? Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n gbé orí wọn sókè.

4. Ohun tí a ṣe

Àwa àti alàgbà kan nínú ìjọ lọ sí ilé bàbá ọmọ náà. A dọ̀bálẹ̀, a sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti iṣu mẹ́ta. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ilé-ìwé ni ẹ ti pe ọmọ mi ní olè."

Ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ní ọjọ́ Ajé, a pe ọmọ náà síwájú, a sọ fún gbogbo ilé-ìwé pé kì í ṣe olè, pé àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́, a sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà sunkún. Kò rẹ́rìn-ín sí wa ní ọjọ́ náà, a kò sì lè fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè é ní olè. Ojú tì wá ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Oorun tí a sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò sun irú rẹ̀ láti oṣù méje.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà láti tọrọ ìdáríjì, ẹlòmíràn ni yóò bá yín kọ ọ́, yóò sì mọ àṣírí yín. Nísinsin yìí, ọwọ́ yín ni kálàmù wà. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ ṣẹ̀, ẹ bá Ọlọ́run sọ ọ́, kí ẹ sì mú ìwé. Ìlà mẹ́ta tó.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀
Jẹ́wọ́: kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe.
Joro: kí ara máa gbẹ, kí ó máa rù.
Rẹ́ jẹ: kí a fi ọgbọ́n gba ohun ẹlòmíràn.
Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀: irin tí a fi ń de ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bi àti ìtìjú?
2. Ọdún mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí Newton fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ àti ìgbà tí ó kọ ìwé rẹ̀?
3. Kí ni ìdí tí kò fi tó pé a bẹ bàbá ọmọ náà nínú ilé rẹ̀ nìkan?
4. Ẹ kọ lẹ́tà onílà mẹ́ta sí ẹni tí ẹ fẹ́ bẹ̀. Ẹ kò ní láti fi han olùkọ́ yín.