Èkúté Kan Láti Paris àti Ibà Lassa Ilé Wa



Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n kò nílò kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ibà Lassa jẹ́ fún un. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀, láàárín ọdún 2018 sí 2020, àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn aláìsàn 510 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní i. Méjìlélọ́gọ́ta (62) ló kú nínú wọn. Ọ̀rọ̀ eku ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe eku inú àjà nìkan.

Eku ọlọ́mú púpọ̀ tó ń tan àrùn yìí ká kì í ṣàìsàn. Kòkòrò náà wà lára rẹ̀, a máa tọ̀ ọ́ jáde sórí láfún àti gàrí wa, ara tirẹ̀ sì le koko. Èkúté inú ilé ìwádìí náà, kòkòrò yìí kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Báwo wá ni onímọ̀ ṣe fẹ́ rí ohun tó ń pa ènìyàn?

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Pasteur ní Paris kéde èkúté kan tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà. Àmì kan wà tí àwọn ọmọ ogun inú ara fi ń dá ibi tí àrùn wọ̀ mọ̀. Wọ́n mú ti eku kúrò, wọ́n fi èyí tó jọ ti ènìyàn rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ibà Lassa ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò tì í mọ́lé. Nígbà tó di ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Switzerland àti Jámánì kọ ọ́ jáde pé irú èkúté yìí ṣàìsàn nígbà tí wọ́n fi kòkòrò Lassa sí i lára. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n mú àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ń pè ní T kúrò, àìsàn náà kò ṣe é mọ́, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìjà tí ara ń jà wà lára ohun tó ń ba ara jẹ́!

Bí aládùúgbò wa bá gba igi ẹ̀gẹ́ tó dára láti IITA n'Ìbàdàn, yóò gé nínú rẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jackson Laboratory ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, ṣe ń tọ́jú oríṣiríṣi èkúté, tí wọ́n ń fi àtọ̀ àti ọlẹ̀ wọn pa mọ́ sínú òtútù líle, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí olùwádìí káàkiri. (Wọ́n ń gbowó o.) Gbogbo ènìyàn kọ́ ló lawọ́. Ní ọdún 1988, Yunifásítì Harvard gba ìwé àṣẹ lórí èkúté tí jẹjẹrẹ tètè ń mú. DuPont tí àṣẹ náà bọ́ sí lọ́wọ́ fi àdéhùn tó le dè é, títí àwọn olùwádìí fi figbe ta.

Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé, ṣé èyí kì í ṣe ìyà fún ẹ̀dá Ọlọ́hun? Ìbéèrè náà tọ́. Nítorí rẹ̀ gan-an ni pínpín fi ṣe pàtàkì lójú wa. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, tí ẹlòmíràn ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, eku mélòó ni yóò kú lásán?

Èkúté kì í ṣe ènìyàn ṣá. Ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀, wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò lára aláìsàn bí àwọn tó dùbúlẹ̀ l'Ọ́wọ̀, kí dókítà tó lè gbára lé e.