Kí Lo Rí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Èjìgbò àti àwọn ìletò rẹ̀, inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń yin ọ̀kan nínú yín lójú mi pé ó mọ oògùn lò. Obìnrin kan ti Àbíjàn dé, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá sùn pọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bi nọ́ọ̀sì náà pé, "Kí lo rí?" Ó ní, "Màmá, mi ò wò ó."

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún dé, a fi speculum wò ó. Ohun tó wà lọ́rùn ilé ọmọ náà dà bí olú tó hù lára ìtì igi. Òwú kàn án, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, pé irú 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Níbi tó bá jókòó sí, ó lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Gbogbo ọdún yẹn ni fínígà tí a ń fi kan ọrùn ilé ọmọ, iná àti ojú wa ì bá fi ká a mọ́!

Sista tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká sọ èrò wa ká tó sọ ohun tí a rí. Bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan wá. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró láti ọdún mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ wá ń kán. Mo wò ó, ọrùn ilé ọmọ mọ́ tónítóní. Mo ní kò sí nǹkan. Sista ní, "Ọrùn lo rí. Ta ló rí inú?" Inú ilé ọmọ gan-an ni jẹjẹrẹ náà wà. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí dòní.

Bí ẹ bá sì rí kókó lọ́rùn ilé ọmọ, ẹ má fi Pap smear tan ara yín jẹ. Ọrùn tí ojú kò rí nǹkan lára rẹ̀ ni ìyẹn wà fún. Kí dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà sínú fọ́málììnì, kí orúkọ aláìsàn wà lára ìgò.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV ní Ọ̀ṣun. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọmọ kò wo ìyá sàn. Ìyá ṣì ní láti gun bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bi í léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní Àbíjàn; kòkòrò yìí kì í ṣe àmì ìṣekúṣe, ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fa aṣọ ìkélé, ẹ jẹ́ kí speculum lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Kí ẹ tó kọ orúkọ oògùn sínú káàdì, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí ẹ kò bá wò ó, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "N kò wò ó." Ẹ wá wò ó bóyá ọwọ́ yín á lè kọ oògùn sábẹ́ rẹ̀.